Eyín Tó Gun Èkejì Rẹ̀ Léjìká

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pe Títílọpẹ́ ní Àwẹ̀ró, onítọ̀hún sì ti gbàgbé gbogbo èèyàn yòókù.

Màmá Ìbíwùnmí ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní Ìfọ̀, lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè, nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Ọdún kẹta rèé tí ìyá àgbà ti ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi ṣíbí sí, gbogbo ilé fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ẹ̀rín dá lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbàgbé àwọn ọmọ tó bí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin dìde láti Ìbàdàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, Màmá ní kí wọ́n fún ọ̀gá náà lómi tútù, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́ jù, nítorí ilẹ̀ ń ṣú. Wòsílátù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, "ìwọ ọmọ yìí" ló ń pè é láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí Títílọpẹ́ bá wọlé lọ́jọ́ Sátidé, tó kúnlẹ̀ síwájú àga, Màmá á wò ó, á tún wò ó, ojú rẹ̀ á wá là. Á ní, "Àwẹ̀ró. Ìwọ náà nìyẹn. Àwẹ̀ró ọmọ Lísàbi."

Ẹ̀yin tí wọ́n ń kì nílé yín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Oríkì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò lè fi pè ọ́, ọ̀rẹ́ kò lè fi pè ọ́ kó dún bó ṣe yẹ. Àgbà tó gbé ọ jó ló ni ín. Bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, orí rẹ á wú, àárẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀ kan á bọ́ sílẹ̀ lára rẹ. Ìyá Títílọpẹ́ ti kú láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì mọ bàbá. Bí Màmá bá gbàgbé orúkọ yìí, a jẹ́ pé Àwẹ̀ró kú nìyẹn, Títílọpẹ́ nìkan ni yóò ṣẹ́kù, tí á máa wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tó sì gbà lọ́kàn ni pé eyín òun ni Màmá fi ń mọ òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eyín náà. Níwájú, lókè, lápá òsì, eyín kan wà tí kò gbà láti dúró láàyè tirẹ̀. Ó gun èkejì rẹ̀ léjìká, ó yọrí síta, ó ń wo ìta bí ẹni tó ń retí àlejò. Ìyá rẹ̀ ní irú ẹ̀ gan-an, ibì kan náà, apá kan náà. Nígbà tí ìgbàgbé Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n Títílọpẹ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó fi àtàǹpàkò kan eyín náà, ó ní, "Eyín ìyá ẹ rèé." Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti mú un pé àmì tí Màmá ń kà lójú òun nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kórìíra tó eyín yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìfọ̀, wọ́n fi í kọrin. Ó dàgbà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa á, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún á ti débẹ̀ ṣáájú. Ó rí i lára ìyá rẹ̀ ni, kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan tí eyín ti yọ, kódà fọ́tò ọjọ́ tó jáde ní pólì. Ẹni tí eyín rẹ̀ tò gbọnrangandan, kó má bá a wí o. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ibi tí Ọlọ́run wá fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé ìtọ́jú eyín ni, ní Ìkẹjà! Òun ló jókòó síwájú, òun ló ń gba káàdì, òun ló ń kí àwọn tó ń bọ̀. Yàrá kan ló gbà ní Ìbafọ̀, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra, ó sì ń jáde kí àwọn mùsùlùmí tó kírun. Ní ọdún 2008, Dókítà Adéyẹ́misí, obìnrin tó ni ilé ìtọ́jú náà, ti òkè òkun dé pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun kan tó lọ kọ́. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ́ gaara bí omi, wọ́n ṣe é bá eyín ẹni mu, ẹni tó bá wọ̀ ọ́, kò ní hàn. Díẹ̀díẹ̀ ni á máa ti eyín lọ síbi tó yẹ.

Dókítà ní, "Títí, mo nílò ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ lo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, o ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn èèyàn á rò pé iṣẹ́ wa ò dá àwa fúnra wa lójú."

Títílọpẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ro Màmá. Ó tún ro ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti fi bo ẹnu. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní òun gbà, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé eyín kan ṣoṣo kò lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìyá mọ̀ lára ọmọ. Kò dá a lójú. Ó ṣáà sọ ọ́.

Méjìdínlógún ni ike náà, á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Àfi ìgbà oúnjẹ àti ìgbà tí a bá ń fọ ẹnu nìkan ni kó yọ ọ́. Omi nìkan ló lè mu pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà ní kó má sì da èyí tó bá ti lò nù, nítorí nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Ó wá agolo bisikíìtì kan tí yóò máa kó wọn sí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ ọ títí dé àyà. Itọ́ kún un lẹ́nu. Nígbà tó fẹ́ kí aláìsàn kan, "Ẹ káàárọ̀ sà" ń dún bíi fèrè, ọkùnrin náà sì bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó ń súfèé. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ ilé tó wà mọ́. Láti tún un kọ́, ó ń ka Sáàmù sókè bó ṣe ń rìn láti ilé lọ sí etí títì ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru ṣì bo Ìbafọ̀, tí ìwọ kò rí ilé, tí ìwọ kò rí ṣọ́ọ̀ṣì, tí iná mọ́tò ń jáde láti inú funfun tó tún ń wọ inú funfun lọ. Nínú kùrukùru yìí ló máa ń dà bíi pé ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀, pé ẹnu nìkan ló ń rìn lọ, tí eyín inú rẹ̀ sì ń dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sún fún ara wọn.

Ó ń lá àlá wọn pẹ̀lú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò dáa kéèyàn máa lá àlá eyín, àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n eyín tirẹ̀ kì í yọ bọ́ sílẹ̀ lójú àlá. Wọ́n máa ń jáde ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tò sójú irin rélùwéè Ìfọ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, èyí tó jẹ́ alágídí ló sì máa ń kẹ́yìn. Á bojú wẹ̀yìn wò ó. Títílọpẹ́ á jí, á ti ahọ́n kan ike náà, á sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá inú òun dùn tàbí ó bàjẹ́.

Oúnjẹ ni wàhálà tó ga jù. Ẹni tó ti ń jẹ gúgúrú láti Ìbafọ̀ dé Bẹ́gà, tó ń ra bọ̀ọ̀lì lọ́nà, tó ń jẹ ẹ̀pà nídìí iṣẹ́! Gbogbo ẹ̀ dópin. Yíyọ tó fẹ́ yọ ọ́, fífọ̀ tó fẹ́ fọ̀ ọ́, kó tún wá omi fọ ẹnu kó tó dá a padà, ó sú u. Ó kó gbogbo jíjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń jẹ ẹ́ nínú yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Rosemary, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Obìnrin náà gbé mọ́ínmọ́ín wá lọ́jọ́ Sunday kan, bó ti máa ń ṣe. Títílọpẹ́ mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmi, mi ò tíì lè jẹun." Ọjọ́ kejì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, kò lè jẹun. Omi ṣáá ló ń mu. Ó ti pa ẹnu dé, kì í bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ níbi kànga. Ní ìdájí, wọ́n ń gbọ́ tó ń ka Sáàmù lọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ bá rò? Ní Ìbafọ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin wà ládùúgbò kan?

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo ilé ti mọ̀ pé Sister Títí wà nínú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohùn rédíò kù bó bá ń kọjá. Ìyàwó kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ wá, ó ní kó ṣáà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Bàbá Ògúnkànmí tó ni ilé, ẹni tí kì í kí ayálégbé àfi tó bá fẹ́ gba owó, kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fún un ní fọ́tò pélébé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wá fisà. Ó ní, "Ẹ bá wa rántí ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá dé lọ́hùn-ún." Ẹ̀yin èèyàn mi, onílé ń pè é ní ẹ! Títílọpẹ́ ì bá jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo, ta ló sì fẹ́ dúró sójú agbo ní Ìbafọ̀ sọ pé ike lòun ń wọ̀ sẹ́nu kí eyín òun lè tò? Ó di ojú, ó gbàdúrà fún fọ́tò náà, ó gbà á látọkàn. Ní ìparí, ó fi tirẹ̀ kún un ní jẹ́ẹ́jẹ́: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbàgbé mi.

Oṣù kẹta, nígbà tí ogójì ọjọ́ ti kọjá tí wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ni àṣírí tú. Rosemary kì í kan ilẹ̀kùn, ó ká kọ́tìnnì sókè láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí Títílọpẹ́ lọ sí Ìfọ̀. Ohun tó rí ni aláàwẹ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀bà tó ga bí òkìtì, ẹran lẹ́nu rẹ̀, àti eyín mìíràn, eyín tó mọ́ gaara, tó jókòó sínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀.

"Jéésù! Títí! Eyín ta rèé?"

Títílọpẹ́ gbé ẹran mì. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Rosemary gbọ́ ọ dé ìdí, ó wo ẹ̀bà, ó wo ike, ó ní, "Ìyẹn ni pé náílọ́nù eyín ni Landlord kó fọ́tò ọmọ ẹ̀ fún?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Títílọpẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, wọ́n rín in títí omijé fi ń bọ́, ẹni kan á fẹ́ dákẹ́, èkejì á ní "ẹ bá wa rántí ẹ̀", wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àfi bí Rosemary ṣe tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ lójijì.

Ó ní, "Àháà. O ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé mi ò rẹ́rìn-ín rí ni?"

"O máa ń rín in. Èmi ni mi ò rí i rí. Na wà o, Títí. O mà rẹwà!"

Títílọpẹ́ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Orí itan ló wà, ó kàn jókòó síbẹ̀. Kò mọ ọjọ́ tó ti fi ẹnu òun sílẹ̀. Ayọ̀ gbá a láyà, ayọ̀ gidi, ó sì tún rẹ́rìn-ín láti rí i bóyá ọwọ́ á dìde. Ọwọ́ kò dìde. Ní ti Bàbá Ògúnkànmí, ọmọ rẹ̀ ti gba fisà lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ ń dùn, kò sì sẹ́ni tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un.

Ìgbà dídùn kan wọlé dé. Ó ń kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Dókítà Adéyẹ́misí ya fọ́tò rẹ̀, eyín alágídí ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí èjìká èkejì rẹ̀, ó ń wá àyè láàárín wọn bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò dùn mọ́ ọn nínú. Ìfọ̀ ni.

Gbogbo Sátidé tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ó máa ń lọ sẹ́yìn ìsọ̀ kan, á yọ ike rẹ̀, á fi í sínú páálí rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí Màmá rí ohun àjèjì lẹ́nu òun. Á wá wọlé, á kúnlẹ̀, á ya ẹnu dáadáa kí ìyá lè rí eyín. Màmá á máa wò ó. Wíwò náà ń gùn sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà ike kẹfà, Wòsílátù ti bu omi mu tán kí orúkọ tó jáde. Nígbà ike kẹjọ, "Àwẹ̀ró" jáde, ṣùgbọ́n bíi pé ó ń bèèrè ni.

Nígbà ike kẹwàá, Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Títílọpẹ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Màmá, èmi ni."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga. Ẹ má bínú o, orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, ǹ bá kúnlẹ̀ kí yín."

Ìyá àgbà ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó fọ ìdí rẹ̀, tó pọ̀n ọ́n dé ilé ìwé, ló ń tọrọ àforíjì pé òun kò lè kúnlẹ̀ fún un. Títílọpẹ́ jáde lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin rélùwéè. Koríko ti hù bo irin náà. Ó sunkún níbẹ̀ títí Wòsílátù fi wá mú un lọ́wọ́, tó ní, "Ọ̀rọ̀ orí Màmá ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ." Ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹjọ́ òun ni. Òun ló fi ọwọ́ ara òun pa àmì rẹ́, nítorí kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ lè rí ẹ̀rín òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó gbé báàgì sílẹ̀, ó wọlé bá Dókítà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá eyín mi padà."

Dókítà bi í léèrè, ó sọ ọ́. Dókítà ní, "Ó ṣeé ṣe. Àwọn èyí tó o ti lò, máa wọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn. Kẹsàn-án, kẹjọ, keje, ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí eyín gbà lọ ló máa gbà padà. Ṣùgbọ́n Títí, rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó, mà. Ta ló kù tó máa pè mí ní Àwẹ̀ró?"

Dókítà Adéyẹ́misí kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó jọ pé òun náà ń ka àwọn tó ṣì ń fi oríkì pe òun.

Bẹ́ẹ̀ ni eyín kọjú sẹ́yìn. Ìpadàbọ̀ yìí dùn ún ju lílọ lọ. Lójú àlá, wọ́n ń bọ̀ lórí irin nínú òkùnkùn, aṣọ funfun wọn ti rẹ̀, alágídí ló wá wà níwájú báyìí. Kò sọ fún Rosemary. Ó kan tún dákẹ́ ni, àwọn ará ilé sì ń sọ fún ara wọn pé Sister Títí ti tún wọ ààwẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, ike keje ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ̀ ní gáréèjì Ìfọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò yà sẹ́yìn ìsọ̀, kò yọ nǹkan kan. Kí ló fẹ́ yọ ọ́ fún? Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni Màmá wí. Ó kọjú sí Wòsílátù. "Ìwọ ọmọ yìí, wá nǹkan fún àlejò. Wẹ́n kì í ti ọ̀dọ̀ mi lọ láì fẹnu kan nǹkan."

Wòsílátù gbé ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná wá. Kí ni Títílọpẹ́ fẹ́ ṣe? A kì í kọ oúnjẹ àgbà, pàápàá àgbà tó ń ṣe ọ́ lálejò. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe kó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ike lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò bójú mu kó máa fa nǹkan onítọ́ yọ lẹ́nu níṣojú ìyá ọlọ́jọ́ orí. Ó tẹrí ba. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo ẹnu, ó ti ìka òsì bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń wá etí ike náà lẹ́yìn. Ó fún pinpin. Ó ń fà á, ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú ń tì í.

"Àwẹ̀ró."

Kò mira.

"Àwẹ̀ró ọmọ Lísàbi. Ìgbà wo lo dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

Ó gbé orí sókè, ọwọ́ lẹ́nu. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ là rekete. Títílọpẹ́ fẹ́ dáhùn, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó la ẹnu, ojú Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó kúrò lójú rẹ̀, ó lọ sára ògiri. Ó yára gbé ọwọ́ padà. Màmá padà dé.

Wòsílátù ló pariwo. "Súbúhánálláì! Ọwọ́ ni! Ọwọ́ tó o fi ń bo ẹnu ni, bíi ti ìyá ẹ! Kì í ṣe eyín! Oṣù mélòó lo ti ń wá síbí tó ò bo ẹnu?"

Gbogbo ìgbà tó fi ń ya ẹnu sílẹ̀ kí Màmá lè rí eyín, ohun tí Màmá ń wá kò sí níbẹ̀. Títílọpẹ́ gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu. Màmá ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń bi Wòsílátù pé ta ló lu ọmọ náà.

Ó padà sí ike kẹjọ. Ó lọ sí kẹsàn-án, sí kẹwàá, ó ń lọ. Ní Ìkẹjà àti ní Ìbafọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín gbangba. Ní ọjọ́ Sátidé, bó bá dé ẹnu ọ̀nà Màmá, kó tó ká kọ́tìnnì, á gbé ọwọ́ tó kórìíra láti kékeré, á fi bo ẹnu, á wọlé. Orúkọ á jáde kó tó kúnlẹ̀ tán. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń dùn ún pẹ̀lú, pé ibi tí wọ́n ti mọ òun jù ni òun ti ń bo ẹnu.

Nígbà tí ike kejìdínlógún parí, ọyẹ́ ti mú. Eyín rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Alágídí wà láàyè tirẹ̀, kò gun ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lọ sí Ìfọ̀ ní ọ̀sán, ọyẹ́ sọ gbogbo nǹkan di funfun, ilé, ọ̀nà, irin, àfi bíi pé ó ń rìn nínú oorun ẹlòmíràn. Màmá jókòó síwájú ilé, ó wé ìró mọ́ra. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀, ọwọ́ lẹ́nu.

"Àwẹ̀ró. O ti dé."

"Ẹ kú ọyẹ́, Màmá."

Màmá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí lo tilẹ̀ máa ń bò? Mo wí fún ìyá ẹ títí, kò gbọ́. Ẹ̀rín tó dáa, ó fi ọwọ́ dé e mọ́lẹ̀ títí ó fi lọ. Gbé e kúrò, jẹ́ n rí ẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀rù bà á, kò tíì sí ẹ̀rù tó bà á tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fa ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e lé itan ara rẹ̀, kò fi í sílẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ẹnu tí kò sí ohun tó bò ó. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi kan eyín iwájú, lókè, lápá òsì, eyín tó tò gbọnrangandan láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pa á lẹ́ẹ̀kan, ó pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọmọ.

"Òun náà rèé," ni Màmá wí. "Kò yí padà. Ó ṣì gun èkejì rẹ̀ léjìká."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ó ṣì gùn ún."